Ẹja Tó Ń Wẹ̀ Nínú Piọ́wọ́tà

Kò sí obìnrin tó ń se ẹ̀wà tà ní Ogbòòrò tí kò mọ̀ pé omi ju omi lọ. Kànga kan wà tó jẹ́ pé bí a bá fi omi rẹ̀ gbé ẹ̀wà kaná láàárọ̀, ọ̀sán yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kí ẹ̀wà náà tó rọ̀. Òmíràn wà tí kò jìnnà sí i, tí ẹ̀wà kan náà yóò jinná nínú omi tirẹ̀ kí igi tó jó dé ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọṣẹ. Ẹ lè fi ọṣẹ pa aṣọ nínú omi kan títí ọwọ́ yóò fi máa ro yín, kò ní hó. Ohun tí ẹ ó rí kò ju èérí funfun tó ń léfòó lójú omi. Ẹ wá gbé ike sábẹ́ òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ fi ọṣẹ kan náà kan omi ibẹ̀. Ìfófòó á kún ọwọ́ yín. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ní kẹ́mísírì. Ìkòkò àti ọpọ́n ìfọṣọ ló kọ́ wọn.

Mo mú ọ̀rọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí owó ń yọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹja inú àpótí gíláàsì ni, àti ti omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún gba inú awọ kan kọjá títí gbogbo ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ fi kúrò. Reverse osmosis ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn tó ń sin ẹja fún ẹwà gé e kúrú sí RO. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló kan Òkè-Ògùn nínú èyí, níbi tí a ti ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí kànga ẹ̀rọ láti ìdájí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbéèrè tí màmá mi bi mí gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni àpótí náà. Ó ń gba omi tó tó 60 lítà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń sin ẹja inú rẹ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n rí físà gbà, tí wọ́n sì ń lọ sí London, wọ́n ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ta fìríìjì, wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n tọrẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ta àpótí yìí. Wọ́n gbé e wá sílé ní Ogbòòrò, òun àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, àti ẹja mẹ́rin nínú ike olómìdérí. Wọ́n ní kí èmi àti àbúrò wa máa bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Màmá wa wò ó, wọ́n béèrè ọjọ́ tí a máa sè é.

Kribensis ni orúkọ tí àwọn tó ń ta ẹja náà ń pè é; Pelvicachromis pulcher ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bí abo bá ti ṣe tán láti yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí osùn. Inú ihò ni wọ́n ń yé e sí. Àfọ́kù ìkòkò tí a da ojú rẹ̀ délẹ̀ ni tiwọn nínú ilé wa. Abo á wọlé ti ẹyin, akọ á máa yí àyíká ká, á máa lé gbogbo ohun tó bá fẹ́ sún mọ́ wọn. Bí ọmọ bá jáde, bàbá àti ìyá á jọ máa dà wọ́n kiri bí adìyẹ ṣe ń da ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ìdí tí wọn kò fi tà á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ẹja òkè òkun. Ẹja wa ni. Inú àwọn odò àti ṣẹ́lẹ̀rú gúúsù Nàìjíríà, tí igbó ṣíji bò, tí omi wọn kì í sáré, ni ó ti wá, títí dé etí òkun Cameroon. Láti ọdún 1901 ni Boulenger, onímọ̀ ẹja kan ní London, ti kọ ọ́ sínú ìwé. Lónìí, ẹ lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà. Ní ọjà tiwa, bí ẹ bá béèrè ẹja, àrọ̀ tàbí ẹpiya ni wọ́n ó nà sí yín.

Báyìí ni ìṣòro ṣe dé. Nínú ẹja mẹ́rin tó wá láti Ìbàdàn, akọ kan ṣoṣo ló kù. Ó ń dàgbà lọ, irú ẹja yìí kì í sì í sábà lò ju ọdún márùn-ún lọ. A kò bá tí ì bẹ̀rù, torí pé wọ́n ti bímọ nílé wa lẹ́ẹ̀méjì, àwọn ọmọ náà sì ti tó ẹni tí à ń yàtọ̀ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó yè, láti orí èyí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, abo ni wọ́n. Ilé wa kún fún obìnrin tó pọ́n nínú, bàbá arúgbó kan sì ń yí wọn po. Bí ó bá kú, ìran náà tán nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè Ṣakí.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ní àwọn ti mọ ohun tó fà á: omi ni. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé nínú irú ẹja yìí, bí omi tí ọmọ ń dàgbà nínú rẹ̀ ṣe kan sí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá akọ ló máa pọ̀ tàbí abo. Omi tó bá kan díẹ̀ ń mú akọ jáde púpọ̀. Omi tí kò kan rárá ń mú abo jáde púpọ̀. Ẹ rántí òṣùwọ̀n pH tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. 7 ni àárín. Ohun tó bá wà lábẹ́ 7 ń kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́; ohun tó bá ju 7 lọ wà ní ìhà ibi tí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú wà. Omi odò inú igbó, tí ewé ti ń jẹrà sínú rẹ̀, máa ń wà lábẹ́ 7. Omi kànga wa ju 7 lọ.

Ṣé kí a kàn bu ohun kíkan sí i ni? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Òkè-Ògùn jókòó lórí òkúta tó ti pẹ́ láyé. Omi kànga wa ń gba àárín ibi tí òkúta náà ti sán àti ibi tí ó ti jẹrà di ilẹ̀ kọjá, ó sì ń yọ́ lára òkúta náà sínú ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ: calcium, magnesium, àti carbonate tó ń bá wọn rìn. Carbonate yìí ni í máa gbá ohun kíkan mú. Ní Ìgbẹ́tì, tí òun náà wà ní Òkè-Ògùn, òkúta mábù wà níbẹ̀. Calcium carbonate ni mábù, bí ìkarahun ìgbín ṣe jẹ́. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ìyẹ̀fun mábù, ẹ ó rí i tí ó ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìjà ni wọ́n ń jà yẹn, mábù ló sì ń pa kíkan náà run. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú omi kànga bí ẹ bá da ewé sí i kí ó lè kan. Ewé á ṣiṣẹ́ títí, carbonate á máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí omi rẹ̀ kan díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n lọ ra ẹ̀rọ RO.

Ìmọ̀ràn London ni. Orí ilẹ̀ ẹfun funfun tí wọ́n ń pè ní chalk ni púpọ̀ nínú omi London ti ń gbà wá, ọmọ Yorùbá tó bá sì ti gbé ibẹ̀ rí mọ ohun funfun líle tó máa ń gbá mọ́ inú kẹ́tù. Ẹni tó ń sin ẹja odò igbó níbẹ̀ kò ní ṣe kó má wá ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ní Manchester, nínú orílẹ̀-èdè kan náà, láti ọdún 1894 ni wọ́n ti ń fa omi adágún Thirlmere wá láti àárín òkè, omi òjò tó ṣàn kọjá lórí òkúta tí kì í tètè yọ́. Ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí funfun nínú kẹ́tù. Ìmọ̀ràn lè wọ bàálù, ṣùgbọ́n omi kì í wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú omi tiwa.

Ibí yìí ni èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti bá ara mi níbi tí mi ò rò. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún màmá mi. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé irú omi bẹ́ẹ̀ "le". Mo sọ fún màmá mi pé omi líle ni omi kànga wa. Wọ́n wò mí. Ọtí líle ni wọ́n mọ̀. Bí omi bá sì le lójú tiwọn, á jẹ́ pé ó ti di yìnyín. Mo yí i padà, mo ní, "Màmá, omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó." Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n! O ò tètè sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀." Láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti ka kànga mẹ́rin fún mi, wọ́n sì tò wọ́n tẹ̀léra láti orí èyí tó burú jù dé orí èyí tó sàn jù. Nígbà tó yá tí mo fi ẹ̀rọ wọn àwọn omi náà, bí wọ́n ṣe tò ó ni ẹ̀rọ náà ṣe tò ó.

Wọ́n tún fún mi ní oògùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi káún sí i. Ṣe bí káún là ń fi sí ẹ̀wà tí kò bá fẹ́ rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín. Sodium carbonate pọ̀ nínú káún, bí ó bá sì dé inú omi tí calcium wà, calcium á kúrò nínú omi, á di ìyẹ̀fun funfun sí ìsàlẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń fọṣọ kí wọ́n tó mọ ọṣẹ ìgbàlódé. Ọṣẹ á hó, ẹ̀wà á rọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹja tiwa, ọ̀nà náà yà sí ibi tí a kò lọ: káún á yọ calcium kúrò, á fi sodium rọ́pò rẹ̀, á sì tún gbé omi náà jìnnà sí kíkan. Pàṣípààrọ̀ ni káún ń ṣe. Ohun tí à ń wá ni àyọkúrò.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe ń yọ ọ́? Mo ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ìyẹn náà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbín. Bí ẹ bá bu iyọ̀ sí ìgbín lára, omi ara rẹ̀ á máa ya jáde. Awọ ara rẹ̀ ń jẹ́ kí omi kọjá ju bó ṣe ń jẹ́ kí iyọ̀ kọjá lọ, omi sì máa ń fẹ́ láti kúrò níbi tí iyọ̀ kò pọ̀ sí, lọ síbi tí iyọ̀ gbé pọ̀. Ìyẹn ni osmosis. Ní ọdún 1748, Jean-Antoine Nollet ní ilẹ̀ Faransé fi àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bo ẹnu ìgò tí ó rọ ọtí sí, ó rì í sínú omi, ó sì rí i pé omi ń wọlé títí àpò ìtọ̀ náà fi wú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣèwádìí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ ronú nípa ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Omi á gba ara àpò jáde, ẹ̀gẹ́ á dúró sínú. Bí ẹ bá fi awọ tó ń ṣe bíi ti ìgbín rọ́pò àpò, tí ẹ fi omi oníyọ̀ rọ́pò ẹ̀gẹ́, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ gan-an, omi á ṣe òdì kejì ohun tí ó máa ń wù ú láti ṣe: á fi ibi tí iyọ̀ gbé pọ̀ sílẹ̀, á kọjá sí ìhà kejì ní òun nìkan. Ibi tí àfiwé náà dúró sí ni pé àpò gàrí kò lè dá ohun tó ti yọ́ sínú omi dúró. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ pàápàá ń bá omi rẹ̀ jáde. Awọ inú ẹ̀rọ RO ń dá èyí tó ti yọ́ dúró. Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ló ṣe irú awọ bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ tó wúlò dáadáa, ní bí ọdún 1960. Nígbà tó sì di 1965, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Coalinga ní California ti ń mu omi tó gba inú rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà kì í fi ariwo polówó. Omi tí kò bá rí ibi kọjá gbọ́dọ̀ ṣàn dànù pẹ̀lú iyọ̀ tó ti kó sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, awọ náà á dí. Nínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lò nílé, lítà kan omi mímọ́ lè ná ni ní lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó máa ṣàn lọ. Ó sì ń fẹ́ omi tó ń sáré nínú páìpù, tàbí iná mànàmáná tó ń tì í. Mo ro èyí ní oṣù January, nígbà tí okùn kànga wa ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ ẹni kí ike tó kan omi. Mi ò nílò kí màmá mi sọ fún mi pé ẹ̀rọ yẹn kò lè wọ ilé wa.

Ohun tó wà lọ́jà tiwa ni piọ́wọ́tà. Gbogbo wa la mọ ọ̀rá 50cl náà, tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe bákan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń ṣe tiwọn. Àwọn kan ń fi omi gba inú yanrìn àti èédú kọjá, wọ́n ń fi iná ultraviolet pa kòkòrò inú rẹ̀, ó parí. Ìyẹn ti mọ́ tó fún mímu, ṣùgbọ́n ohun tó yọ́ sínú omi kànga ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tún fi RO kún un. Ojú kò lè dá wọn mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó ń bọ̀ wálé. Bí ẹ bá tì í bọ omi, á sọ iye ohun tó yọ́ sínú rẹ̀, ní mílígíráàmù nínú lítà kan. Omi kànga wa jẹ́ 420. Piọ́wọ́tà kan jẹ́ 210. Òmíràn, tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ kan náà ní iye owó kan náà, jẹ́ 14. Mo ti rí RO mi, láìra ẹ̀rọ.

Ìgbà yìí ni ìjà dé. Mo gbé àpò piọ́wọ́tà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín já a, mo ń tú u sínú ike ẹja. Màmá mi ti ibi tí wọ́n ti ń jọ èlùbọ́ dìde.

"Ṣé ẹja ló fẹ́ máa mu piọ́wọ́tà, kí èmi tí mo bí ọ máa mu omi kànga?"

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹja odò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mumi rárá." Òótọ́ ni. Ara ẹja odò ní iyọ̀ ju omi tó yí i ká lọ, nítorí náà omi fúnra rẹ̀ ń gba ojúgun rẹ̀ wọlé sí i lára tọ̀sán-tòru, bí ó ṣe wọ inú ìgò Nollet; iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹja náà ni kí ó máa tọ̀ ọ́ jáde.

Wọ́n ní, "Kò mu ún, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ló ń tọ̀ sí. Ìyẹn ló dára jù lójú tìẹ?"

Mi ò ní èsì. Mo lọ jókòó, mo gbé ìwé, mo ṣírò rẹ̀. Omi tí à ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ jẹ́ lítà 10. Mi ò lè fi omi RO nìkan ṣe é, torí pé omi tí kò ní nǹkan kan nínú kò dára fún ẹja: iyọ̀ ara rẹ̀ á máa jò lọ, kò ní rí òmíràn fà mọ́ra nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kíkan omi náà á máa lọ sókè sódò, torí pé kò sí carbonate tí yóò dì í mú rárá. A gbọ́dọ̀ lú u mọ́ omi kànga. Ìdá mẹ́ta omi ọlọ́rá sí ìdá kan omi kànga ń fún wa ní nǹkan bí 115. Ìyẹn jẹ́ lítà méje àbọ̀ piọ́wọ́tà, ọ̀rá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ kan. Àpò kan jẹ́ ogún ọ̀rá. Mo kà á sí màmá mi létí bí ó ṣe rí, mi ò bu iyọ̀ sí i.

Mo rò pé wọ́n máa ní kí n gbé ẹja jáde. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè ibi tí lítà 10 tí à ń yọ jáde nínú àpótí ń lọ. Mo ní ẹ̀yìnkùlé ni à ń dà á sí. Wọ́n ní láti òní lọ, ìdí ẹ̀fọ́ àwọn ni kí á máa dà á sí; ìtọ̀ ẹja ni, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Ọ̀rá márùn-ún tó bá kù nínú àpò, tàwọn ni. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni èmi àti àbúrò mi yóò sì máa fi kún iye tí à ń pọn lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, títí òjò yóò fi dé. "Bí ẹ bá lè ru ẹrù rẹ̀," ni wọ́n wí, "ẹ máa sin ẹja yín." Mo ti ka àpilẹ̀kọ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi àti ẹ̀tọ́ ẹni, mi ò tí ì rí èyí tó ṣe ìdájọ́ náà tó bẹ́ẹ̀.

A kò yí omi náà padà lójijì, torí pé ìyípadà òjijì ń pa ẹja ju omi burúkú lọ. Lítà 10 nínú 60, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, àbúrò mi gba iṣẹ́ náà, ó sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé: 370, 327, 292. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó ti wà ní ìsàlẹ̀ 170. Ìgbà náà ló ju ewé igi fúrúùtù tó ti gbẹ sínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń sin ẹja káàkiri ayé ń lò. Omi náà pọ́n bíi ti tíì tí kò kún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, bébà tí a fi ń wọn pH fi hàn pé omi wa ti bọ́ sábẹ́ 7.

Ní kíláàsì wa, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ èdè-ìperí, ẹnìkan kì í ṣaláì béèrè bóyá Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè yẹn ti gba ìdáhùn kí wọ́n tó bí wa. Ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, èkejì sì tẹ̀lé e láti ọwọ́ Awóbùlúyì. Ohun tí omi ẹja yìí fi kún un fún mi ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì lè wà ní Yorùbá kó má ba ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. "Omi líle" tọ̀nà ní gírámà. Kò dé ilé ìdáná. "Omi tí kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀" gùn, kò sì lẹ́wà nínú ìwé atúmọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ kànga mẹ́rin ó sì tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Fún RO, èmi ń pè é ní omi àfúnyọ, láti ara fún àti yọ, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- tí gbogbo wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo dán an wò lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń fi jáàkì tẹ gàrí. Mi ò ṣàlàyé jìnnà. Mo ní omi àfúnyọ ni omi tí wọ́n fún jáde kúrò lára iyọ̀ rẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe àpò rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ gan-an ni: ara àpò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù April. A jẹ́ kí méjì àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù, a sì gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀kẹta. Omi rẹ̀ jẹ́ 9. Oòrùn ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe, kò dà lítà kan nù, kò sì gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni piọ́wọ́tà ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹja, títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, nígbà tí a ó tún ka ọ̀rá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní oṣù May, abo kan nínú àwọn ọmọ ìlé yé ẹyin sínú àfọ́kù ìkòkò, bàbá arúgbó sì ń lé ìka àbúrò mi kúrò lára gíláàsì bíi pé ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ tó jáde kò tí ì tóbi tó ẹni tí a lè fi ojú sọ akọ tàbí abo wọn. Àbúrò mi ní òun rò pé ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn kan ti ń ṣe ṣóńṣó bíi ti akọ. Màmá mi ní kó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dàgbà. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà báyìí. Ó ti fi máákà kọ "òjò" sára ọ̀kan, ó kọ "kànga" sára èkejì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n pọ̀ nígbà tí òun bá wà nílé ìwé.